Ká Tó Lè Lé Èèyi Kúrò Láyé

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń ránṣọ ni àwọn àgbà ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé èyíkéyìí láti Òṣogbo dé Iléṣà, bí ènìyàn bá rí àwọn ìyá tó tò sórí bẹ́ǹṣì, tí ọmọ wà lẹ́yìn wọn, tí káàdì wà lọ́wọ́ wọn, tí nọ́ọ̀sì ń fa oògùn tí kò ju ìdajì mílílítà lọ sínú abẹ́rẹ́, òwe náà á tún yé e lọ́nà mìíràn. Oògùn ín-ń-tín yẹn ni ayé gbójú lé láti fi lé àrùn kan tó ń pa nǹkan bí mílíọ̀nù 2.6 ènìyàn lọ́dọọdún kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó wọ́pọ̀. Èèyi ni orúkọ àrùn náà.

Ṣé a lè fi abẹ́rẹ́ lé èèyi kúrò láyé pátápátá, kó di ìtàn bí ìgbóná ti di ìtàn? Mo gbà pé a lè ṣe é. Kì í ṣe àlá ni mo ń lá. Apá kan nínú ẹ̀rí tí mo gbójú lé wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níbí, ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí ẹ̀rí náà ti wà nílẹ̀. Ohun tó kù fún wa ni kí a mọ ìdí tí iṣẹ́ náà kò fi tíì parí.

Àwọn ìyá wa mọ èèyi dáadáa. Ara ọmọ á kọ́kọ́ gbóná, imú á máa ṣomi, ojú á pọ́n, ikọ́ á dé. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ara á sú. Á bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn etí àti iwájú orí, á gba ojú àti ọrùn, á sọ̀ kalẹ̀ sí àyà, títí á fi dé ẹsẹ̀. Nítorí pé ara gbígbóná àti ara sísú ló fi ń wọlé, ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé àtijọ́ kà á mọ́ ẹbí ilẹ̀ gbígbóná. Káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ: kí òbí má tíì ka iye ọmọ tó bí, àfi bí èèyi bá ti kọjá lára wọn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn yóò mọ̀ pé wọn kò ka èèyi sí àìsàn ọmọdé lásán.

Kò sí àrùn púpọ̀ tó ń ràn tó o. Bí ọmọ tó ní èèyi bá wúkọ́ nínú yàrá, tó sì jáde, kòkòrò àrùn náà lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá yẹn fún wákàtí méjì. Ẹni tí kò ní ààbò lè wọlé lẹ́yìn rẹ̀, kó sì kó o láìfojú kan aláìsàn. Bí ènìyàn mẹ́wàá tí kò ní ààbò bá wà nítòsí alárùn kan, mẹ́sàn-án nínú wọn lè kó o. Àwọn onímọ̀ ìlera ṣírò rẹ̀ pé níbi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti ní ààbò, alárùn kan ṣoṣo lè kó o ran ènìyàn 12 sí 18. Èyí tó tún le jù ni pé alárùn ti ń tàn án kálẹ̀ láti bí ọjọ́ mẹ́rin kí ara tó sú. Ní àkókò yẹn, ìyá rẹ̀ rò pé ọ̀fìnkìn lásán ni, ó sì ti gbé e lọ sí ọjà, sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí sí mọ́sálásí.

Ohun tí èèyi ń ṣe nínú ara ju ohun tí ojú rí lọ. Ó máa ń kọlu àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ wa, pàápàá àwọn tó ń rántí àrùn tí ara ti bá jà rí. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́ wò fi hàn pé èèyi lè nu láti 11 dé 73 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn èròjà ààbò tí ọmọ ti kó jọ. Ó dà bí ìgbà tí olè wọlé, tí kò jí owó, ṣùgbọ́n tó kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé lọ. Ìdí nìyí tí ọmọ fi lè bọ́ lọ́wọ́ èèyi lónìí, kí àrùn àyà tàbí ìgbẹ́ gbuuru sì pa á ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà. Ọmọ tí oúnjẹ rẹ̀ kò dára, tí fítámì A kò tó lára rẹ̀, ojú rẹ̀ lè fọ́. Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò èèyi bó bá ti wọ ara. Fítámì A, omi, oúnjẹ àti ìtọ́jú àwọn àrùn tó bá tẹ̀lé e nìkan ni dókítà ní. Nítorí náà, ìdènà ni oògùn rẹ̀.

Ìmẹ̀sí-Ilé ni mo fẹ́ mú wa dé báyìí. Ìlú Ìjẹ̀ṣà ni, láàárín òkè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Obòkun. Ìtàn ogun Kírìjí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ ìlú náà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a máa fi ìtàn èèyi náà rántí rẹ̀. Ní ọdún 1956, dókítà ọmọdé kan tí ó ń jẹ́ David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, èyí tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, tó sì ti di apá kan ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí. Morley rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé dé Iléṣà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kí wọ́n tó dé. Ó pinnu láti lọ bá wọn nílé. Ó dá ilé ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ ilẹ̀ yìí ti ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ náà.

Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ rọrùn, ó sì jinlẹ̀. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń fàmì sí ìwọ̀n rẹ̀ lórí káàdì kan lóṣooṣù, wọ́n sì ń so àwọn àmì náà pọ̀ di ìlà. Bí ìlà bá ń gòkè, ara ọmọ ń le. Bó bá dúró sójú kan tàbí tó ń wálẹ̀, ewu wà. Ìyá ló ń gbé káàdì náà lọ sílé, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Irú káàdì yẹn tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lẹ́yìn náà. Orí rẹ̀ ni ìwà èèyi ti hàn gbangba: ìlà ọmọ tó ń gòkè bọ̀ á já wálẹ̀ lójijì ní oṣù tí èèyi bá mú un, ó sì máa ń pẹ́ kó tó padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn kò padà mọ́.

Ìgbà yẹn, àwọn kan ń rò pé èèyi ti Áfíríkà yàtọ̀ sí ti Yúróòpù, nítorí pé níbẹ̀ kì í sábà pa ọmọ mọ́. Morley àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ yẹ àkọsílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ wò, wọ́n sì rí i pé bó ṣe ń ṣe àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà náà ló ṣe ń ṣe àwọn ọmọ òtòṣì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan. Oúnjẹ, ibùgbé tó fún, àti ọjọ́ orí tí ọmọ fi kó o ló ń pinnu. Àrùn kan náà ni. Ẹ̀kọ́ yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá fẹ́ lé e kúrò láyé, nítorí pé bí àrùn bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo níbi gbogbo, ohun ìjà kan ṣoṣo lè tó fún un.

Ohun ìjà náà ti ń bọ̀ lọ́nà. Ní ọdún 1954, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, dókítà Thomas Peebles gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ ilé ìwé kan tí ó ń jẹ́ David Edmonston nígbà tí èèyi mú un. Nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni òun àti onímọ̀ ìjìnlẹ̀ John Enders ti yọ kòkòrò èèyi. Wọ́n ń tọ́ ọ láti inú èròjà ara kan dé òmíràn, títí dé inú ẹyin adìẹ, títí agbára rẹ̀ fi rọ̀. Kòkòrò tí kò lágbára mọ́ láti ṣe ọmọ ní jàǹbá, ṣùgbọ́n tí ara ọmọ á ṣì dá mọ̀ bí ọ̀tá: òun ni abẹ́rẹ́ èèyi. Ìran kòkòrò yẹn náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ èèyi tí a ń lò títí dòní.

Ní nǹkan bí ọdún 1960, Samuel Katz, dókítà láti ilé iṣẹ́ ìwádìí Enders, gbé abẹ́rẹ́ náà wá sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé gbà á. Oògùn ìgbà náà ṣì le, ara ọ̀pọ̀ wọn gbóná, ṣùgbọ́n ó dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ èèyi, títí kan àwọn tí oúnjẹ wọn kò dára tó. Ọdún 1963 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí gbogbo ènìyàn máa lò ó lọ́hùn-ún. Ìyẹn ni pé kí ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó rí abẹ́rẹ́ èèyi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ti gbà á. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ohun àjèjì ni wọ́n fẹ́ gún sí ọmọ òun lára, ẹ ní kó lọ bi àwọn àgbà Ìmẹ̀sí-Ilé.

Ǹjẹ́ abẹ́rẹ́ yìí lè pa èèyi rẹ́? Kí a tó lè pa àrùn kan rẹ́, àwọn nǹkan kan gbọ́dọ̀ pé. Àkọ́kọ́ ni pé kí àrùn náà má ní ibi ìfarapamọ́ lára ẹranko. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń sá sí ara ọ̀bọ inú igbó, nítorí náà a kò lè pa á rẹ́. Èèyi kò ní irú igbó bẹ́ẹ̀. Ènìyàn nìkan ló gbé e ró. Èkejì ni pé kí ẹni tó ti ṣe é má tún ṣe é mọ́, kó má sì máa gbé e kiri láìmọ̀. Ní ọdún 1846, dókítà kan láti Denmark, Peter Panum, rí ẹ̀rí èyí ní àwọn erékùṣù Faroe, níbi tí èèyi kò dé fún ọdún 65. Nígbà tó dé, nǹkan bí 6,000 nínú àwọn bí 7,800 tó ń gbé ibẹ̀ ló mú. Ṣùgbọ́n àwọn arúgbó tí wọ́n ti ṣe é ní ọdún 1781 kò ṣe é mọ́. Ẹ̀kẹta ni pé kí abẹ́rẹ́ tó dára wà. Èyí wà. Ẹ̀kẹrin ni pé kí àrùn náà ṣe é dá mọ̀: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń sọ ọ́ láìṣì. Èèyi pé gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà tí kò yẹ kí a fojú fo. Àrùn màlúù kan wà tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n èèyi, tí a ń pè ní rinderpest. Láti ara rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ gbà pé èèyi ti yà wá sára ènìyàn láyé àtijọ́. Ó pa àìlóǹkà màlúù ní Áfíríkà, ó sì sọ àwọn darandaran di aláìní. Ní ọdún 2011, àjọ àgbáyé kéde pé kò sí mọ́ láyé. Ohun tó mú kí èyí ṣeé ṣe ni pé wọ́n ṣe abẹ́rẹ́ tó lè fara da oòrùn, wọ́n sì kọ́ àwọn darandaran fúnra wọn láti máa gún màlúù wọn níbi tí dókítà ẹran kò lè dé. Bí ayé bá lè wá gbogbo màlúù inú ìgbẹ́ rí, a kò gbọ́dọ̀ sọ pé a kò lè wá gbogbo ọmọ ènìyàn rí.

Àmọ́, ẹ má jẹ́ kí n tan yín. Èèyi le ju ìgbóná lọ. Àwọn ará wa ti bá ìgbóná jà tipẹ́. Dókítà Oguntola Sapara, ẹni tí ìdílé rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ti ń bá a jà ní Èkó àti agbègbè rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Ní ìparí ọdún 1966, ní apá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, dókítà William Foege àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i pé kò pọn dandan kí gbogbo ènìyàn gba abẹ́rẹ́ ìgbóná: bí a bá rí alárùn kan, kí a sáré gún gbogbo àwọn tó yí i ká, àrùn náà á kú bí iná tí wọ́n gé koríko iwájú rẹ̀. Ọ̀nà yìí ló pa ìgbóná rẹ́. Ní Nàìjíríà, ọdún 1970 la rí ẹni ìkẹyìn. Ní ọdún 1980, wọ́n kéde pé ayé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kan náà kò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún èèyi. Ìgbóná kì í sábà ràn títí ara á fi sú, nítorí náà a lè rí ọ̀tá kó tó kọjá. Èèyi ti kọjá kí a tó rí i. Abẹ́rẹ́ ìgbóná kan ṣoṣo tó, ó sì fara da oòrùn. Abẹ́rẹ́ èèyi ń fẹ́ òtútù láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é títí dé apá ọmọ, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Ọgbọ́n kan ṣoṣo ló kù: kí àwọn tó ní ààbò pọ̀ débi pé èèyi kò ní rí ẹni tó máa mú. Nítorí pé ó ń ràn púpọ̀, 95 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló gbọ́dọ̀ ní ààbò. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọmọ tuntun ń gba ààbò díẹ̀ láti ara ìyá rẹ̀, ààbò yẹn a sì máa dí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ bí a bá tètè gún un. Ìdí nìyí tí a fi ń dúró di oṣù 9 ní Nàìjíríà. Bí a bá gún ọmọ 100 ní oṣù 9, nǹkan bí 85 ló ń ní ààbò. Àwọn 15 tó kù gba abẹ́rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara wọn kò dáhùn. Nítorí náà, bí gbogbo ọmọ Nàìjíríà, láìku ẹnìkan, bá gba ẹyọ kan, a kò tíì dé 95. Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì, tí Nàìjíríà fi kún ètò rẹ̀ ní ọdún 2019 fún ọmọ oṣù 15, ló ń mú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn 15 yẹn wọlé. Abẹ́rẹ́ méjì ń dáàbò bo nǹkan bí 97 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n ṣèwádìí káàkiri orílẹ̀-èdè ní ọdún 2018, nǹkan bí 54 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ti pé ọdún kan ló gba abẹ́rẹ́ èèyi àkọ́kọ́. Ẹ mú 85 nínú ọgọ́rùn-ún lára 54 yẹn: 46 ló kù tó ní ààbò. Ju ìdajì àwọn ọmọ wa lọ ló dúró síta nínú òjò nígbà yẹn.

Kí a tún wo bí ọ̀ràn àwọn tó yí wa ká ṣe kan àwa náà. Láti ọdún 1967, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè 20 ní ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà ń gún abẹ́rẹ́ ìgbóná àti ti èèyi pọ̀, Gáḿbíà gún àwọn ọmọ rẹ̀ débi pé èèyi dáwọ́ dúró ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ láyé. Ayọ̀ náà kò pẹ́. Èèyi ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò, ètò náà sì rọlẹ̀. Kò pẹ́ tó fi gba ẹnubodè padà wọlé. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ìyẹn ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín lílé àrùn kúrò ní ilẹ̀ kan àti pípa á rẹ́ kúrò láyé. Ẹni tó lé e kúrò nílé tirẹ̀ nìkan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ilẹ̀kùn títí ayé.

Àwọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní àríwá àti gúúsù, náà kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún 2016, wọ́n kéde pé gbogbo orílẹ̀-èdè láti Kánádà dé Ajẹntínà ti bọ́ lọ́wọ́ èèyi, agbègbè àkọ́kọ́ láyé. Èyí fi hàn pé ó ṣeé ṣe fún ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn, olówó àti òtòṣì, láti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ètò ìlera Venezuela dàrú, èèyi padà, ó sì gba Brazil wọlé. Ní ọdún 2024, wọ́n kéde pé wọ́n ti tún lé e lọ. Ní ọdún 2025, ó bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́ ní Texas, ọmọ méjì sì kú níbẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún náà, Kánádà ti pàdánù ipò rẹ̀, gbogbo agbègbè náà sì bá a pàdánù. Kì í ṣe pé abẹ́rẹ́ náà kùnà. Àwọn ènìyàn ló fi àyè sílẹ̀ lára ògiri.

Ìbẹ̀rù ló la ògiri náà ní ibòmíràn. Ní ọdún 1998, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Andrew Wakefield, kọ ọ̀rọ̀ kan nípa ọmọ 12 péré, èyí tó mú kí àwọn òbí rò pé abẹ́rẹ́ èèyi ń da ọpọlọ ọmọ rú. Ìwádìí lórí àìmọye ọmọ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn ìṣègùn tó tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde fà á sẹ́yìn ní ọdún 2010, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ Wakefield. Ṣùgbọ́n irọ́ ti rìn jìnnà, ó sì ti dé orí fóònù àwọn òbí níbí. Òtítọ́ tó yẹ kí ìyá mọ̀ ni pé ara ọmọ lè gbóná díẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ lè dùn ún, ara àwọn mìíràn a sì sú fẹ́ẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Kí nọ́ọ̀sì sọ èyí fún un kó tó kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá tí wọ́n bá sọ òtítọ́ fún lẹ́ẹ̀kan á padà wá fún ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́dọ̀ wa, mo gbà pé ìbẹ̀rù kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù. Ọ̀nà ni, àti òtútù, àti ìgò oògùn. Ní Àbẹ̀rẹ̀, níbi tí ilé iṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, ni àwọn tó ń ṣètò ìlera ti ń wo ìjọba ìbílẹ̀ 30 àti wọ́ọ̀dù 332. Láti ọ̀dọ̀ ìjọba dé wọ́ọ̀dù tó jìnnà jù, abẹ́rẹ́ èèyi kò gbọ́dọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì. Fíríìjì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ níbi tí iná kì í sábà wà. Yìnyín gbọ́dọ̀ wà nínú kúlà tí ọlọ́kadà gbé sórí ọ̀kadà. Lẹ́búlẹ́bú ni oògùn náà wà nínú ìgò. Bí nọ́ọ̀sì bá ti po ó mọ́ omi rẹ̀, wákàtí 6 péré ló ní, ohun tó bá ṣẹ́kù, dídànù ni. Ìgò kan sì sábà máa ń tó ọmọ 10. Bí ọmọ mẹ́ta péré bá wá, nọ́ọ̀sì á ronú: ṣé kí n ṣí ìgò yìí, kí n da ti ọmọ méje nù, àbí kí n ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ mìíràn? Ìyá tó ti abúlé rìn wá, tó ti pàdánù owó ọjà ọjọ́ yẹn, lè má padà wá mọ́. Ibi tí ògiri ti ń lanu gan-an nìyẹn: láàárín nọ́ọ̀sì rere kan àti ìyá rere kan, lórí ọ̀rọ̀ ìgò. Àṣẹ tó tọ́ ni pé kó ṣí i. Oògùn tó dànù kò wọ́n tó ọmọ.

Ìrètí wà pé ìṣòro òtútù àti ìgò yìí yóò dínkù. Ní Gáḿbíà kan náà, wọ́n dán irú abẹ́rẹ́ mìíràn wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2024. Ó dà bí pílásítà kékeré, ó ní àwọn ẹnu ṣóńṣó tí ojú kò rí. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọwọ́ ọmọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, oògùn èèyi àti ti rùbẹ́là, àrùn tó ń ba ọmọ inú oyún jẹ́, á sì wọ ara. Ó ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ oṣù 9 tó gbà á lọ tí ara wọn dáhùn sí ti èèyi, bíi ti àwọn tí wọ́n gún. Kò ní sí pípò, kò ní sí ìgò ọmọ 10, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ nílò òtútù. Bí ó bá kẹ́sẹ járí, ẹni tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì lè gbé e dé oko, bí àwọn darandaran ti gbé ti màlúù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Nàìjíríà náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ tó pa èèyi àti rùbẹ́là pọ̀ dípò ti èèyi nìkan. Ẹsẹ̀ kan la fi lé àrùn méjì.

Àwọn tó ń sọ pé kò ṣeé ṣe ní Nàìjíríà ti gbàgbé àrùn rọpárọsẹ̀. Nígbà kan, wọ́n ní ìlú wa ni yóò kó o ran gbogbo ayé. Àwọn obìnrin tó ń rin ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń fàmì sí ìka ọmọ tó ti gba oògùn rẹ̀, ni wọ́n sọ ọ́ di irọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò rọpárọsẹ̀ àdánidá. Ní ọdún 2025, Cabo Verde, Mauritius àti Seychelles di àkọ́kọ́ lára àwọn orílẹ̀-èdè agbègbè Áfíríkà tí wọ́n jẹ́rìí sí pé wọ́n ti lé èèyi lọ. Erékùṣù ni wọ́n, òkun yí wọn ká. Àwa kò ní òkun yíká. Ògiri ààbò ni òkun tiwa.

Kò ní tán lọ́dún kan. Ní ọdún 2023, èèyi ṣì pa nǹkan bí 107,500 ènìyàn láyé, ọmọdé ni ọ̀pọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti wà fún ọgọ́ta ọdún. Mo ka iye yẹn, mo sì mọ̀ pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó yẹ kó kú. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun tí ìmọ̀ lè ṣe ni ìmọ̀ ti ṣe tán. Èyí tó kù wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé owó ìlera jáde, ẹni tó ń ṣọ́ fíríìjì, nọ́ọ̀sì tó máa ṣí ìgò fún ọmọ mẹ́ta, bàbá tó máa fún ìyá ní owó ọkọ̀, ìmáàmù àti pásítọ̀ tó máa rán ìjọ létí, àti ìwọ tó ń ka ìwé yìí, tí ọmọ, ọmọ-ọmọ tàbí ọmọ àbúrò wà nílé rẹ.

Ẹ wo káàdì ọmọ náà. Ọmọ káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé ni, ìyá ló ṣì ń gbé e lọ sílé. Ẹ wá àyè tí wọ́n kọ oṣù 9 sí, kí ẹ sì wá ti oṣù 15, èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé nítorí pé ọmọ ti ń rìn, ó ti ń sáré, kò sì jọ ẹni tí ewu wà fún mọ́. Bí àyè yẹn bá ṣófo, kò tíì pẹ́ jù. Ọjọ́ tí kò bá sí àyè òfìfo lórí káàdì ọmọ kankan, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní Òṣogbo, ní Gáḿbíà, ní Texas, kò ní sí ẹnikẹ́ni tí yóò dúró de èèyi kó tó ka ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ tí a bá bí wọn la ó ti máa kà wọ́n.